Kọ́lájìn inú ike: ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò kí owó tó jáde

Bí a bá se ẹsẹ̀ màlúù títí tó fi rọ̀ dáadáa, tí a gbé omi rẹ̀ sínú fíríìjì mọ́jú, a óò bá a láàárọ̀ pé ó ti dì bí ẹ̀kọ. Ohun tó mú un dì ni kọ́lájìn, purotéènì tó gbé awọ, eegun, iṣan àti kérékeré ró lára ènìyàn àti ẹranko. Awọ màlúù, awọ ẹlẹ́dẹ̀, awọ àti ìpẹ́ ẹja ni iléeṣẹ́ ti ń yọ èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike tà, tí wọ́n ń polówó pé ó ń mú awọ dán, ó sì ń tọ́jú oríkèé. Wọ́n á fi omi gbígbóná tú u, wọ́n á fi èròjà tó ń da purotéènì gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wá gbẹ ẹ di lẹ́búlẹ́bú. Gígé yẹn ni kì í jẹ́ kó dì mọ́, òun náà ló ń jẹ́ kó yọ́ nínú omi tútù. "Hydrolysed collagen" tàbí "collagen peptides" ni wọ́n máa ń kọ sára ike rẹ̀. Bí a bá pò ó, tó wú, tó sì dì nínú fíríìjì, gelatin lásán ni, ìyẹn kọ́lájìn tí wọ́n sè ṣùgbọ́n tí wọn kò gé wẹ́wẹ́, kò sì yẹ kí owó rẹ̀ ju ti gelatin lọ.

Kọ́lájìn tí a mu kì í ti ọ̀fun gba ojú lọ. Inú á dà á bó ṣe ń da ẹ̀wà àti ẹja, yóò sì di amino acid, ìyẹn èròjà kéékèèké tó ń so pọ̀ di purotéènì, tí ara ń lò síbi tó bá wù ú. Lóòótọ́, àwọn ègé kéékèèké tó jẹ́ amino acid méjì tàbí mẹ́ta tó so pọ̀ máa ń dénú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti rí wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ègé wọ̀nyí ń ṣe fún awọ ni àríyànjiyàn wà lé lórí.

Ní 2025, ìwé ìròyìn ìṣègùn American Journal of Medicine gbé àkójọ ìwádìí 23 jáde, tí ènìyàn 1,474 kópa nínú wọn. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó dà bí ẹni pé omi ń pọ̀ sí i lára awọ, ó ń nà, ó sì ń padà sípò dáadáa sí i, ìhunjọ rẹ̀ sì ń dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn ìwádìí tí iléeṣẹ́ kò fowó sí sọ́tọ̀, àǹfààní náà pòórá. Ibi tó yẹ kí olùrà dúró sí gan-an nìyí kó tó tọwọ́ bọ àpò. Ní ti oríkèé, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ní 2011 pé ẹ̀rí kò tó láti sọ pé kọ́lájìn gígé ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó fi àwòrán iwájú ike sílẹ̀, kó yí i sẹ́yìn. Gíráàmù kọ́lájìn tó wà nínú ṣíbí kan ni kó wá. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí awọ, gíráàmù 2.5 sí 10 ni wọ́n ń mu lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Kápúsù olómílígíráàmù 500 ńkọ́? Ogún ni ènìyàn máa gbé mì kó tó pé gíráàmù 10. Kọ́lájìn irú kejì ("type II") tí wọn kò sè, tí wọ́n ń yọ láti inú kérékeré adìyẹ fún oríkèé, nìkan ni ìwọ̀n rẹ̀ kéré, mílígíráàmù 40. Bí wọ́n bá kọ "proprietary blend", tí wọn kò sọ iye èyí tó jẹ́ kọ́lájìn, ká dá a padà sórí àtẹ.

Ká ní ike gíráàmù 300 jẹ́ ₦36,000. Bó bá jẹ́ kọ́lájìn pọ́ńbélé, ₦120 ni gíráàmù kan. Bí ṣíbí gíráàmù 10 bá ní kọ́lájìn 4 péré, tí ìyókù jẹ́ ṣúgà, mílíìkì àti adùn, gíráàmù kan ti di ₦300. Èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fura pé ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀ lè po díẹ̀ mọ́ omi tútù, kó kán áyódínì sí i: bó bá dúdú bí aró, sítáàṣì ti wọ̀ ọ́. Kó dà á nù lẹ́yìn náà, kó má mu ún.

Kọ́lájìn kò lè rọ́pò ẹyin tàbí ẹ̀wà, torí kò ní tryptophan, amino acid kan tí ara kò lè dá ṣe. Ọ̀pọ̀ "vegan collagen", èyí tí wọ́n ní kò ti ara ẹranko wá, kì í ṣe kọ́lájìn, torí inú ewéko kò sí i. Àwọn kan nínú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà wa tún ní glutathione tí wọ́n ń lò láti bóra. Ẹni tí kò fẹ́ bóra kó ka gbogbo èròjà tán. Nọ́ńbà NAFDAC ń fi hàn pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀, kì í ṣe pé ó ń mú awọ dán. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn kì í fọwọ́ sí irú ọjà yìí kó tó dé orí àtẹ, ìdí nìyí tí àmì NSF tàbí USP, àwọn àjọ aládàáni tó ń yẹ ọjà wò, fi wúlò, torí ó fi hàn pé ẹni tí kì í ṣe iléeṣẹ́ náà ti yẹ ohun inú rẹ̀ wò. Ẹni tí ẹja kì í bá lára mu kó yẹra fún ti ẹja. Ẹni tó ti ní òkúta inú kíndìnrín rí tàbí àìsàn kíndìnrín kó bi dókítà rẹ̀ kó tó ṣí ike.

Pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń sọ pé kò ní nǹkan kan nínú, awọ màlúù náà ni, kọ́lájìn ló sì pọ̀ jù nínú purotéènì rẹ̀. Èyí tí wọn kò fi táyà sun ni kí a jẹ. Ara tún nílò fítámì C láti hun kọ́lájìn tirẹ̀, ọsàn, gúáfà àti ata tútù sì ní in. Oòrùn àti sìgá ni wọ́n ń ba èyí tó wà lára awọ jẹ́, ike kankan kò sì lè dí ojú ihò yẹn.

Ẹni tó fẹ́ dán an wò kó ya àwòrán ojú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, níbi kan náà, ní àkókò kan náà tí yóò tún yà á ní ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ike gíráàmù 300 mẹ́ta nìyẹn, bó bá ń mu gíráàmù 10 lójúmọ́. Bí àwòrán méjèèjì bá jọra, kó má ra ẹ̀kẹrin.