Ẹ Jẹ́ Ká Ṣe É, Ẹ Jẹ́ Kó Kọjá

Bí wọ́n bá ti dárúkọ laissez-faire, ẹ̀kọ́ fi-í-sílẹ̀ tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ nípa ìjọba àti ọjà, níbi kan, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ìjọba káwọ́ gbera, kí kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó kórìíra rẹ̀ náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ibẹ̀ kò tóbi, àmọ́ ó tó láti mú kéèyàn má mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibikíbi tí ọwọ́ ìjọba bá ti kúrò, ìjọba kan náà ló mú un kúrò, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ dúró ti ibẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ àyè kì í káwọ́ gbera.

Ìtàn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ti Colbert, mínísítà ìṣúná fún Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé. Ní nǹkan bí ọdún 1681, wọ́n ní ó pe àwọn oníṣòwò jọ, ó bi wọ́n pé kí ni ìjọba lè ṣe fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Legendre, dá a lóhùn pé: "Laissez-nous faire." Ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ẹni tó sọ ìtàn náà di gbajúmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1759, Colbert sì ti kú láti 1683, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹnu ti bù kún un lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń dun Legendre ni kò nílò àbùmọ́. Òfin Colbert ló ń sọ bí aṣọ yóò ṣe fẹ̀ tó, iye òwú tí yóò wà nínú rẹ̀ àti aró tí wọn yóò fi pa á. Lọ́dún 1670, àṣẹ kan jáde pé aṣọ tí kò bá bá òfin mu, kí wọ́n gbé e kọ́ sórí òpó gíga ní gbangba fún wákàtí 48, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lára, lẹ́yìn náà kí wọ́n gé e tàbí kí wọ́n dáná sun ún. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, oníṣòwò náà fúnra rẹ̀ ni wọn yóò so mọ́ òpó fún wákàtí méjì. Ẹ fojú inú wo aláṣọ-òkè kan ní Ìṣẹ́yìn tí wọ́n so mọ́ òpó láàrin ọjà nítorí pé sányán rẹ̀ fi ìka kan dín. Colbert kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó fẹ́ kí ọkàn àwọn ará òkèèrè balẹ̀ sí aṣọ Faransé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá àrà tuntun, ẹ̀wọ̀n ọrùn ló ń dá fún ara rẹ̀.

Gbólóhùn náà ní ìdajì kejì tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì dùn jù: laissez passer, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Oníbodè ni wọ́n ń bá wí. Lórí odò Loire àti Rhône, ọkọ̀ ojú omi kan kì í rìn jìnnà kí ẹnìkan tó na ọwọ́ sí i pé kó san owó ibodè.

Ọkọ̀ tòmátì tó ń bọ̀ láti òkè Ọya sí Mile 12 mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oríta kan, igi oníṣó kan. Oríta kejì, tíkẹ́ẹ̀tì. Oríta kẹta, àwọn kan tí kò tilẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ọkọ̀ tó dé, ìdajì tòmátì ti jẹrà, ìdajì tó kù sì ti gbówó lórí. Ẹ wá sọ pé kí ìjọba fi ọ̀nà sílẹ̀. Ta ni yóò lé àwọn ọmọ oríta kúrò? Ọlọ́pàá ni. Bí ọlọ́pàá bá lọ sùn, wọ́n á padà dé láàárọ̀ ọ̀la. Wọ́n ní alága, alága ní ọ̀rẹ́ nílé ìjọba, apá kan owó oríta sì ń gòkè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó lé wọn. Bó ṣe rí ní ilẹ̀ Faransé gẹ́lẹ́ nìyẹn: ọba fúnra rẹ̀ ló ń ta oyè àti ipò nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn tó ń fìyà jẹ àwọn yòókù, nítorí pé ogun ń jẹ owó.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀kọ́ kò fi bẹ̀bẹ̀ fún ọba tí kò lágbára. Olórí wọn, Quesnay, oníṣègùn ni láàfin Versailles. Ó gbà pé ara a máa wo ara rẹ̀ sàn bí dókítà bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Síbẹ̀, ọba alágbára tí apá ẹnikẹ́ni kò ká ni òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń fẹ́, ọba tí yóò lè kọjú sí gbogbo oníbodè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó gbé e kúrò lórí ìwé dé ìdí búrẹ́dì ni Turgot, òun kan náà tó kọ ìtàn Legendre sílẹ̀. Ó di mínísítà ìṣúná ní oṣù Kẹjọ 1774. Ṣáájú ìgbà náà, ọlọ́pàá ló ń darí ọkà: àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó o wá sọ́jà, ibẹ̀ nìkan ni kó ti tà á, ará ìlú ni yóò kọ́kọ́ rà kí oníṣòwò tó débẹ̀, ẹni tó bá sì kó o pamọ́ yóò rí pupa ojú ọba. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, Turgot pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ rà á níbi tó bá wù yín, ẹ tà á níbi tó bá wù yín, kó ṣáà má kúrò nínú ìjọba Faransé.

Ibí yìí ni ọgbọ́n ètò náà wà. Iye owó ni ìránṣẹ́. Bí ọkà bá wọ́n níhìn-ín, owó rẹ̀ a lọ sókè, ìròyìn owó yẹn a sì rìn dé ibi tí ọkà ti pọ̀. Oníṣòwò tí kò mọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín, tí kò sì ní àánú wa lójú, yóò di ẹrù rẹ̀ máa bọ̀. Bí ó ti ń dé ni owó ń sọ̀kalẹ̀. Kò sí mínísítà kankan tó rán an. Bí ọlọ́pàá bá wá fi ipá mú owó sísàlẹ̀ níbi tí ọkà ti wọ́n, ẹnu ìránṣẹ́ ló dì: ọkà yóò gba ibòmíràn lọ, tàbí kó wọ àjà. Ohun tí àkọ̀wé ọgọ́rùn-ún kan kò lè kó jọ sínú ìwé, nọ́ńbà kan ṣoṣo ti sọ ọ́ tán.

Àbùkù rẹ̀ méjì ni. Ẹsẹ̀ ni ìránṣẹ́ yìí fi ń rìn, ebi sì ń gun ẹṣin. Ìkejì burú ju ìyẹn lọ: owó nìkan ni èdè tí ìránṣẹ́ náà gbọ́. Ẹni tí ebi ń pa tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Turgot mọ ìkejì yìí. Nígbà tó jẹ́ aṣojú ọba ní agbègbè Limoges tí ìyàn mú lọ́dún 1770, ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tálákà kí wọ́n lè rí owó ra oúnjẹ, ó sì pàṣẹ pé kí onílẹ̀ máa bọ́ àwọn tó ń dáko fún un. Ẹni tí wọ́n ń pè ní baba fi-í-sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ ló dá a. Ìkórè 1774 kò dára. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 1775, búrẹ́dì oníwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́rin tó sábà ń jẹ́ sou (owó ẹyọ Faransé) 8 tàbí 9 ní Paris ti di 14, ìjà sì ti bẹ́ sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ogun Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pè é dòní. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn èrò náà ṣe, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ní ibi púpọ̀, wọn kò jí ọkà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n san iye tí àwọn gbà pé ó tọ́, wọ́n sì gba ilé lọ. Iṣẹ́ tí ọlọ́pàá fi sílẹ̀ ni wọ́n gbé ṣe. Ní Versailles, ìjòyè tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ gbà fún wọn pé kí pọ́n-ùn kan jẹ́ sou 2. Turgot bínú, ó ní kí wọ́n fagi lé e. Sójà bíi 25,000 ni ìjọba tú síta. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, wọ́n so èèyàn méjì rọ̀ ní Place de Grève ní Paris: oníwíìgì kan àti ahunṣọ kan.

Ọba mú ọwọ́ kúrò lára búrẹ́dì, ó sì fi ọwọ́ kan náà di ìbọn mú.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ dé Louis Kẹrìndínlógún, ọba tí Turgot ń ṣiṣẹ́ fún, ládé ní Reims. Ìbúra àtijọ́ sọ pé kí ọba búra láti pa àwọn aládàámọ̀ run nínú ilẹ̀ rẹ̀. Turgot, tí wọ́n ti fẹ́ fi ṣe àlùfáà rí, kọ̀wé sí i pé kó yọ ọ́ kúrò. Èrò rẹ̀ nípa ọkà náà ló fi sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn: ọba kò mọ ọ̀nà ọ̀run ju àwọn ará ìlú lọ. Ó kúkú ní ẹ̀rí. Lẹ́yìn tí Louis Kẹrìnlá fagi lé òmìnira àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní 1685, nǹkan bí 200,000 wọn ló sá lọ, àwọn ahunṣọ sílíìkì sì wà nínú wọn, tí wọ́n lọ tẹ̀dó sí Spitalfields ní London. Ọba kò gbọ́. Wọ́n ní ó kàn ń kùn sínú nígbà tó dé ibẹ̀ nínú ìbúra náà. Ní oṣù Karùn-ún 1776, ó lé Turgot lọ, kò sì pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí Turgot ti tú ká fi padà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yìí tún rí bíi ti ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Voltaire, òǹkọ̀wé Faransé, débẹ̀, ó rí Júù, Mùsùlùmí àti Kristẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà ní London, ó sì kọ ọ́ pé ẹni tí òwò rẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní kèfèrí níbẹ̀. David Hume, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Scotland, ní kí ìjọba máa sanwó oṣù fún àlùfáà, nítorí ẹni tó yó kì í wàhálà: ọ̀lẹ rẹ̀ ni a fẹ́ rà. Adam Smith, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kò gbà. Ó ní bí ìjọ bá jẹ́ igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún, tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pàápàá, kò sí èyí tí yóò lágbára tó láti da ìlú rú, gbogbo wọn yóò sì kọ́ ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń gbé láàrin ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin àti mọ́ṣáláṣí méjì tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn kọjú síra lè ní ohun tí yóò fi dá Smith lóhùn.

Smith kan náà ni wọ́n ń fi ṣe òrìṣà fi-í-sílẹ̀. Kò lo laissez-faire rárá nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1776, The Wealth of Nations. Ó fara mọ́ òfin tó ń dáàbò bo ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ààbò ìlú ṣe pàtàkì ju ọrọ̀ lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn ìwé náà, ó gba iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Scotland. Nígbà tó wo ìwé tí wọ́n to ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ wọlé sí, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú aṣọ ọrùn, ìṣẹ́tí ọwọ́ ẹ̀wù àti áńkáṣífì òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó dáná sun wọ́n. Wòlíì ẹ-jẹ́-kó-kọjá, oníbodè ni.

Gẹ̀ẹ́sì pa òfin tó ń dènà ọkà òkèèrè rẹ́ ní 1846, lẹ́yìn ariwo ọlọ́dún púpọ̀ láti Manchester. Ní àkókò yẹn gan-an ni ànàmọ́ òyìnbó, ìyẹn pòtétò, ń jẹrà nínú ilẹ̀ ní Ireland. Peel, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti dọ́gbọ́n ra àgbàdo láti Amẹ́ríkà fún wọn. Ìjọba tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ gbà pé ọjà yóò pèsè, oúnjẹ sì ń kúrò ní èbúté Ireland lọ sí ibi tí owó wà. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú. Ìránṣẹ́ kò purọ́ o. A kò kàn rán an sí wọn ni.

Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ náà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Lóṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, Kòsọ́kọ́ ọba ìlú náà sá lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852, Akítóyè, ọba tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, tọwọ́ bọ̀wé pé òwò ẹrú parí, pé oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì lè ná ọjà fàlàlà, àti pé kí wọ́n dáàbò bo àwọn míṣọ́nnárì. Ẹ̀sìn, ọjà àti ìṣèlú wà lórí bébà kan ṣoṣo, ìbọn ló sì tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ó ku àwọn Ìjẹ̀bú, tí ọ̀nà òwò láti òkè dé ọ̀sà ń gba ilẹ̀ wọn kọjá, tí ibodè sì ni ọrọ̀ wọn. Ní oṣù Kìíní 1892, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó fi £500 lọ́dún lọ̀ wọ́n dípò owó ibodè. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ọ̀rọ̀ ti di ti ìbọn Maxim ní Ìmàgbọ̀n, ọ̀nà sì ṣí. Ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ ní Èkó kò bọ́ lọ́wọ́ owó ibodè ní tirẹ̀. Orí ẹrù tó ń wọlé, pàápàá ọtí líle, ni ìjọba Èkó ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń ná, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ti jókòó sí etí omi pẹ̀lú ìwé àti gègé, wọ́n ń ka àgbá.