Bí Òkùnkùn Ṣe Pa Àwọn Dáínósọ̀ Run

Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, àpáta ràbàtà kan tí ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 10 já láti òfurufú sí Yucatán, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Mẹ́síkò lónìí, ó sì dá kòtò tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 180 síbẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nítòsí run lójú ẹsẹ̀, omi òkun sì ru bo èbúté. Ṣùgbọ́n dáínósọ̀, àwọn ẹranko ayé àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tóbi gan-an, wà káàkiri ayé nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jìnnà réré sí ibi tí àpáta náà bọ́ sí.

Irú ilẹ̀ tí ó bọ́ lé ni ó sọ ọ̀ràn náà di ti gbogbo ayé. Abẹ́ ilẹ̀ Yucatán kún fún òkúta ẹfun àti jípísọ́ọ̀mù, èyí tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ooru ìkọlù náà sọ wọ́n di èéfín, ó sì gbé wọn lọ sókè fíofío, níbi tí òjò kò ti lè tètè fọ̀ wọ́n wálẹ̀. Èéfín yìí, pẹ̀lú eruku kíkúnná àti èédú igbó tó jóná, bo oòrùn lójú fún ọ̀pọ̀ oṣù, òtútù sì mú gidigidi.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewéko fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Nígbà tí kò sí ìmọ́lẹ̀, ewé gbẹ, Triceratops tí ń jẹ ewé kò rí nǹkan fi sẹ́nu, Tyrannosaurus tí ń pa ajewé jẹ kò sì pẹ́ kó tó bá wọn lọ. Ara ńlá di ẹrù, nítorí pé oúnjẹ púpọ̀ ni ó ń gbà. Àwọn ẹranko kéékèèké tí ń sá wọ ihò, tí kòkòrò àti irúgbìn inú ilẹ̀ tó fún wọn, rí ọ̀nà là. Ọ̀nì, tí ó lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹun, là pẹ̀lú. Nínú ìdílé dáínósọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ẹyẹ díẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, èyí ni pé dáínósọ̀ ni adìẹ tí ń tú ààtàn. Nínú irú ẹ̀dá mẹ́rin tó wà láyé, bíi mẹ́ta ló run pátápátá. Àwọn òkè ayọnáyèéfín ní Deccan, ní Íńdíà, ń tú èéfín sílẹ̀ ní sáà kan náà, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn síbẹ̀ lórí bí ìpalára tiwọn ti pọ̀ tó.

Ìpele amọ̀ tín-ín-rín kan, tí ó wà láti sáà tí dáínósọ̀ run, ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Ní 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Luis Alvarez àti Walter ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú Frank Asaro àti Helen Michel, kéde pé amọ̀ tí wọ́n bù ní Gubbio, ní Ítálì, ní irídíọ́ọ̀mù púpọ̀ nínú, èròjà tí ó ṣọ̀wọ́n lójú ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó pọ̀ nínú àpáta òfurufú. Nígbà tó di 1991, àwọn onímọ̀ fi hàn pé kòtò Yucatán ni ibi tí àpáta náà ti balẹ̀. Ní 2016, wọ́n gbẹ́ ihò wọ inú rẹ̀ láti inú òkun, wọ́n sì fa òkúta jáde: jípísọ́ọ̀mù tó pọ̀ yí kòtò náà ká fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá, èyí tó bá a mu pé ooru ìkọlù náà ti sọ ọ́ di èéfín.