Kí ló dé gan-an tí àwọn Beatles fi lé Pete Best?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú àwọn míì láti gbọ́, àmọ́ kò tíì sú mi. Ọkùnrin kan lùlù fún bándì fún ọdún 2 gbáko, ó bá wọn jìyà nílùú onílùú, ìgbà tó wá ku oṣù bíi méjì péré kí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ni wọ́n ní kó máa lọ. Àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí nípa ẹ̀ nìyí.

Ta tiẹ̀ ni Pete Best?

Madras ní Íńdíà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1941, àmọ́ Liverpool ló dàgbà sí. Ìyá ẹ̀, Mona Best, obìnrin bí ọkùnrin ni. Òun ló sọ yàrá abẹ́ ilé wọn di kílọ́ọ̀bù fáwọn ọ̀dọ́ ní 1959, ó pè é ní Casbah, ibẹ̀ ni John Lennon, Paul McCartney àti George Harrison ti ń kọrin nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ wọ́n, kódà wọ́n bá a kun ilé ọ̀hún. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 1960 wọ́n ríṣẹ́ ní Hamburg, Jámánì, wọn ò ní onílù, Pete ní ìlù nílẹ̀, bó ṣe bá wọn lọ nìyẹn. Iṣẹ́ Hamburg yẹn kì í ṣe ṣeréṣeré o, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣeré lálẹ́ ọjọ́ kan.

Báwo ni wọ́n ṣe lé e?

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1962, Brian Epstein tó jẹ́ mánéjà wọn ní kó wá sí ọ́fíìsì òun. Neil Aspinall, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó máa ń fi mọ́tò gbé bándì kiri, ló gbé e lọ, Pete rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni. Brian kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ yí ká, kó tó wá là á mọ́lẹ̀ pé àwọn tó kù ò fẹ́ ẹ mọ́, pé Ringo Starr ló máa gba ipò ẹ̀. John ò sí ńbẹ̀, Paul ò sí, George ò sí. Brian tún wá ní kó ṣáà bá wọn lu àwọn òde tó kù kí Ringo tó dé! Ojú mà ń rí nǹkan. Pete ò lọ.

Ti Neil yìí tún wá jọ mí lójú. Ilé àwọn Pete ló ń gbé, òun àti Mona ń fẹ́ra, ọmọ tí wọ́n bí ò tíì pé oṣù kan lọ́jọ́ tí wọ́n lé Pete. Ó lóun náà máa fiṣẹ́ sílẹ̀, Pete fúnra ẹ̀ ló ní kó má gọ̀, pé àwọn èèyàn yẹn máa tó débì kan. Neil dúró, ó sì bá wọn ṣe títí ó fi di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ wọn.

Ṣé torí pé kò mọ ìlù lù ni?

Ohun tí gbogbo ayé ń sọ nìyẹn. Lóòótọ́, lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹfà 1962 tí wọ́n lọ sí sítúdíò EMI ní London, George Martin, ẹni tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń gba orin wọn sílẹ̀, sọ fún Brian pé tó bá di ti àwo, onílù tí wọ́n ń sanwó fún lòun máa lò. Àmọ́ kò ní kí wọ́n lé Pete o, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní London nígbà yẹn ni.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ringo náà. Ó lu orin wọn tó ń jẹ́ Love Me Do lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tó di ọjọ́ 11 wọ́n gbé Andy White, onílù àháyà, jókòó sídìí ìlù, wọ́n wá fún Ringo ní tanborín pé kó máa mì í. Ẹ lè fetí ara yín gbọ́ ọ. Èyí tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́ ní tanborín nínú, Andy White nìyẹn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù Kẹwàá 1962 ò ní tanborín, Ringo nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sítúdíò ni wọ́n fi ń léèyàn, ṣebí ó yẹ kí Ringo náà ti kẹ́rù ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, Pete ò fi bẹ́ẹ̀ dáa lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹfà yẹn. Love Me Do tó lù lọ́jọ́ náà tiẹ̀ wà nínú Anthology 1, àkójọ orin wọn àtijọ́, ìlù ẹ̀ ṣàdédé yí padà láàárín orin, orin wá ń fà ó tún ń sáré.

Kí ló wá fà á?

Lójú tèmi, ìwà wọn ò bára mu. Pete kì í sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́ta tó kù kì í dákẹ́. Wọ́n ya irun wọn síwájú, òun fi tiẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí wọ́n bá ṣeré tán, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń lọ. Mona náà ń pe bándì ní bándì Pete, ó sì ń dá sí gbogbo nǹkan. Àwọn kan ní torí pé àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn ẹ̀ jù ni, ó lè wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò rò pé ìyẹn nìkan tó o. Ohun tí mo gbà jù ni pé Ringo ti bá wọn lùlù láwọn ọjọ́ tára Pete ò yá, wọ́n ti tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ George Martin kàn bọ́ sásìkò ni. John fúnra ẹ̀ padà gbà pé ojo làwọn, pé Brian làwọn rán níṣẹ́ tó yẹ káwọn jẹ́.

Àwọn ará Liverpool ńkọ́?

Ìjà ni. Ní Cavern, kílọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣeré, lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ, wọ́n ń pariwo "Pete forever, Ringo never", ìyẹn Pete la fẹ́ títí láé, a ò fẹ́ Ringo láéláé, ẹnì kan lu George Harrison lójú, ojú ọ̀hún ṣì dúdú nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní sítúdíò lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án.

Pete wá ńkọ́?

Ìyà jẹ ẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 1964, bíi mílíọ̀nù 73 èèyàn ní Amẹ́ríkà ló jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti wo àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ìgbà kan wà tó fẹ́ gbẹ̀mí ara ẹ̀, ìyá ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ó kẹ́rù búrẹ́dì, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ìjọba fún bí ogún ọdún, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń báwọn tí ò níṣẹ́ wáṣẹ́. Òun kẹ̀! Ní 1988 ó padà sídìí ìlù, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 2025.

Nígbà tí Anthology 1 jáde ní 1995, orin mẹ́wàá tó bá wọn lù wà nínú ẹ̀, owó gidi wọlé. Àmọ́ ẹ wo èèpo ẹ̀ dáadáa, fọ́tò bándì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya ibi tí orí Pete wà dànù, ojú Ringo wá yọ lábẹ́ ẹ̀. Ní 2008, Pete àti bándì tiẹ̀ gbé álíbọ́ọ̀mù Haymans Green jáde, orí tí wọ́n ya yẹn gan-an ló fi sí èèpo ẹ̀.