Iná Kékeré Tí Wọ́n Dá fún Ọkọ̀ Tó Dúró: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Iná Páákíǹ

Gílóòbù inú iná páákíǹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ju wáàtì 5 lọ. Ti iná iwájú ń lọ sí wáàtì 55. Ẹni tó bá ń ti Mọ́kọ́lá lọ sí Òjòó ní aago méje alẹ́, tó wá jẹ́ pé páákíǹ nìkan ló tàn, iná tí wọn kò ṣe fún ìrìn rárá ló fi ń rìn. Ojoojúmọ́ là ń rí i n'Ìbàdàn, Micra tó kún fún èrò àti ọkọ̀ ilé bákan náà. Àwọn kan ní àwọn ń fi tọ́jú bátìrì ni. Àwọn mìíràn ní ṣebí iná ṣáà ni. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọkọ̀ tó dúró ni wọ́n dá iná yìí fún, ẹni tó bá sì mọ ibi tó ti wá kò ní í lò ó ní ìlòkulò.

Nígbà tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ fún mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1886, kò sí iná kan tó jẹ́ ti mọ́tò láyé. Àwọn tó kọ́kọ́ ra mọ́tò yá iná lára kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni: àtùpà onígíláàsì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àbẹ́là ló ń jó nínú òmíràn, kẹrosíìnì ló ń jó nínú òmíràn. Ìmọ́lẹ̀ wọn kò tó fi kòtò han awakọ̀. Iṣẹ́ wọn ni pé kí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè mọ̀ pé nǹkan wà lójú ọ̀nà, kó sì mọ bí nǹkan náà ṣe fẹ̀ tó. Iṣẹ́ yẹn náà ni páákíǹ ń ṣe títí dòní.

Nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àtùpà kò tó mọ́. Kábáàdì ló kọ́kọ́ yọ wọ́n. Ní Amẹ́ríkà ní 1892, Thomas Willson ń wá nǹkan mìíràn ló ṣèèṣì rí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣe kábáàdì lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ọdẹ wọ igbó lóru láyé ọjọ́un mọ iná yìí dáadáa. Agolo kékeré ni, òkúta kábáàdì wà nísàlẹ̀, omi wà lókè tó ń kán sórí rẹ̀ tó, tó, tó. Afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí aáyù á gba ihò kékeré kan jáde, ọdẹ á ṣáná sí i, iná funfun á sì là lójú ẹran. Àwọn tó ń jó irin níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́dì mọ́tò ṣì ń lo afẹ́fẹ́ kan náà n'Ìbàdàn. Iná tí ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí yìí gan-an ni mọ́tò ìgbà náà so mọ́ imú, wọ́n kàn fi dígí tó jin bí abọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kó lè ju ìmọ́lẹ̀ síwájú ni.

Kábáàdì ní wàhálà tirẹ̀. Kì í pẹ́ tí omi àti òkúta á fi tán, ẹ̀tù funfun á dì sínú agolo, àfi kí èèyàn tú u kó sì fọ̀ ọ́. Ta ni yóò jẹ́ kí irú iná bẹ́ẹ̀ jó mọ́jú nítorí ọkọ̀ tí kò lọ sí ibì kankan? Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi yọ àtùpà kẹrosíìnì kúrò. Wọ́n fi kábáàdì síwájú fún ìrìn, wọ́n fi kẹrosíìnì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn. Awakọ̀ dé ilé, ó pa kábáàdì, ó rẹ òwú àtùpà sílẹ̀ díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ kó máa jó lẹ́bàá títì. Iná ìrìn lọ́tọ̀, iná ìdúró lọ́tọ̀: níbẹ̀ ni mo ka ìbí páákíǹ sí.

Èèyàn lè rò pé iná mànàmáná ló yẹ kó fòpin sí ìyàtọ̀ yìí. Cadillac ti 1912 gbé bátìrì àti gílóòbù jáde, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí Charles Kettering ṣe tó ń jí ẹ́ńjìnnì láìfi ọwọ́ yí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ olówó nìyẹn. Ford Model T, èyí tí apá mẹ̀kúnnù Amẹ́ríkà ká, di 1915 kó tó ní gílóòbù níwájú, kò sì sí bátìrì tó ń gbé gílóòbù ọ̀hún. Mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ló ń fún un lágbára. Ẹ́ńjìnnì sáré, iná mọ́ kedere. Ẹ́ńjìnnì rọra ń yí, iná ṣe bàìbàì. Ẹ́ńjìnnì kú, òkùnkùn ṣú. Nítorí èyí ni mọ́tò kan náà fi ní gílóòbù níwájú tó sì tún gbé àtùpà kẹrosíìnì kọ́ ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ó fi hàn pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú ni iṣẹ́ iná kékeré yìí bẹ̀rẹ̀. Láti 1919 ni Ford ti ń fi bátìrì sínú díẹ̀ nínú àwọn Model T. Gílóòbù tín-ín-rín wá jókòó sí àyè òwú àtùpà, ó sì jogún bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe kéré tó.

Òfin Ìlú Ọba ti 1927 lórí iná ọkọ̀ ní kí ọkọ̀ tó wà lójú títì lálẹ́ ní iná funfun méjì níwájú àti pupa lẹ́yìn. Àwọ̀ yìí náà la mọ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Amẹ́ríkà ń lo àwọ̀ ọsàn níwájú. Lọ́dọ̀ wọn, tí iná iwájú bá tàn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ṣe ni páákíǹ á kú. Tí gílóòbù iwájú kan bá wá jó, ọkọ̀ tó ń bọ̀ á dà bí alùpùpù lójú ẹni tó fẹ́ yà á sílẹ̀. Ó di àwọn ọkọ̀ ti ọdún 1968 kí páákíǹ tó máa tàn pẹ̀lú iná iwájú.

N'Ìbàdàn, rélùwéè dé ní 1901. Ọ̀nà tí wọ́n là láti ibí lọ sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 1906 wà lára ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìgbà kábáàdì àti kẹrosíìnì nìgbà náà. Lẹ́yìn èyí ni bọ́lẹ̀kájà gba ọ̀nà oko kòkó. Tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́nà, awakọ̀ á wọ igbó, á já ẹ̀ka igi, á tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè fura. Ewé yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà wa. Ó dára lọ́sàn-án. Lálẹ́, kò sẹ́ni tó ń rí i àfi tó bá ti dé orí rẹ̀.

Jámánì ló tún fi ọgbọ́n kan kún un. Nínú ìlú wọn, òfin gbà kí ọkọ̀ tó dúró lálẹ́ tan iná ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àárín títì. Wọ́n tilẹ̀ ń so àmì pupa òun funfun mọ́ òpó iná ìgboro tí kì í tàn mọ́jú, kí awakọ̀ mọ̀ pé kó tan páákíǹ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ Golf àti Audi tó wọlé sí wa ní tòkunbọ̀ ló ní ẹ̀rọ yìí. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ti ọwọ́ tráfíkétọ̀ sísàlẹ̀ fún òsì tàbí sókè fún ọ̀tún: iná iwájú kékeré àti iná ẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló máa tàn. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 tí a ti ń fi ọ̀tún rìn ní Nàìjíríà, òsì ló bá wa mu. Àìmọ èyí ló ń gbé àwọn èèyàn lọ sọ́dọ̀ ríwáyà, tí wọ́n á ní wáyà kan ń jẹ bátìrì àwọn lóru, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tráfíkétọ̀ ni wọ́n gbàgbé sísàlẹ̀.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti ikú àti ìyè. Ọdún kan ṣáájú, ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun náà ló kọ́kọ́ jẹ́ alága. Ẹni tó bá mọ bí tírélà ṣe ń tò lẹ́bàá ọ̀nà ní Ògèrè á mọ ìdí tí ara fi ń ta mí. Tírélà tó dúró láìsí iná pupa lẹ́yìn, ògiri ni fún ẹni tó ń sáré bọ̀. Tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí tráfíkétọ̀ méjèèjì máa ṣẹ́jú, kí páákíǹ wà ní títàn, kí C-caution, àmì onígun mẹ́ta yẹn, sì jìnnà sẹ́yìn dáadáa.

Ní ti bátìrì, ìṣirò rẹ̀ kò le. Páákíǹ mẹ́rin, iná nọ́ńbà àti ti dáṣíbọọ̀dù ń lọ sí nǹkan bíi wáàtì 30. Lórí bátìrì fóòtì 12, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí áńpíà méjì ààbọ̀. Bátìrì áńpíà-wákàtí 60 tára rẹ̀ le lè gbà á fún wákàtí mẹ́wàá kó sì tún jí ọkọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbó lè má jí i láàárọ̀. Páákíǹ ẹ̀gbẹ́ kan kò jẹ tó áńpíà kan. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ọtanétọ̀ ló ń bọ́ iná, nítorí náà kò sí bátìrì kankan tí ẹni tó ń fi páákíǹ wakọ̀ ń tọ́jú. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tàbí tí òjò bá ń rọ̀, iná iwájú ni kí ẹ tàn, páákíǹ á sì tàn pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹni tó ní ọkọ̀ tuntun ṣọ́ra: iná ọ̀sán tó máa ń tàn níwájú fúnra rẹ̀ kì í tan ẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Ohun kan ṣì kù, fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù ẹ̀yìn ní ọjà Aráròmí ní Agodi Gate. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù ẹ̀yìn kan náà ló ní okùn iná méjì: wáàtì 5 fún páákíǹ, wáàtì 21 fún bíréèkì. Ẹ wo ìdí rẹ̀, orí ìṣó kékeré méjì tó wà lára rẹ̀ kò dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, kó má baà ṣeé kì bọ ibi tí kò yẹ. Tí wọ́n bá fi agbára tì í wọlé ní òdì, páákíǹ á máa tàn bíi bíréèkì, bíréèkì gan-an kò sì ní í hàn mọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ògiri, ẹ tan páákíǹ, ẹ tẹ bíréèkì: ó yẹ kí pupa tó wà lára ògiri pọ̀ sí i lójijì.