Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Ń Gbà Lọ

Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí àwọn oníṣòwò kan wà nínú ọkọ̀ lójú odò Thames, tí wọ́n fẹ́ sọdá òkun. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ọkọ̀ ò lè lọ, ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wá nǹkan jẹ. Ọ̀kan nínú wọn wọ ilé kan, ó béèrè "meat", pàápàá jù lọ "egges". Ìyálé ilé náà ní òun ò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin yìí, nítorí òun náà ò gbọ́ Faransé. Ẹyin lásán ló ń béèrè. Ẹlòmíràn ló wá là á, ó ní "eyren" ni wọ́n ń wá. Obìnrin náà ní ó wá yé òun wàyí. William Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní 1490.

"Eyren" lonílẹ̀. Àwọn Viking, jagunjagun atukọ̀ láti ìhà àríwá Yúróòpù, ló gbé "egg" wá láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ méjì ò lè máa ṣe iṣẹ́ kan náà títí. Nígbà tó yá, àlejò lé onílé jáde. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kú nìyẹn. Nígbà tí àwọn Norman, tí wọ́n wá láti àríwá ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066, èdè Faransé di èdè ààfin àti ilé ẹjọ́, ó sì kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọlé. Kó tó dìgbà náà, "eam" ni wọ́n ń pe arákùnrin ìyá ẹni, "fædera" sì ni ti bàbá. "Uncle" dé láti Faransé, ó gba iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà ò sì jẹ́ kéèyàn mọ̀ mọ́ bóyá ìhà ìyá ni ẹbí ti wá tàbí ìhà bàbá.

Ti "thou" ló yẹ kó yé ọmọ Yorùbá jù. "Thou" ni ìwọ, "you" ni ẹ̀yin. Ẹni tó bá ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ á lo "you", bí ọmọ ṣe ń sọ pé "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà pọ̀ jù. Kí wọ́n má baà ṣẹ ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn ń fi ẹ̀yin pe gbogbo ayé, títí tí ìwọ fi pòórá lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ta kú láàárín ọdún 1650 sí 1660 pé "thou" làwọn á máa pe gbogbo èèyàn, tó fi mọ́ adájọ́, wọ́n jẹ ìyà rẹ̀.

Òmíì lọ láìsí arọ́pò gidi. "Overmorrow" wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní 1535: ọ̀túnla ni. "Ereyesterday" ni ìjẹta. Wọ́n sọ méjèèjì nù, wọ́n wá ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan: "the day after tomorrow".

Àwọn kan ò kú tán, wọ́n sá pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn. "Mid" ni pẹ̀lú láyé àtijọ́, "wife" sì ni obìnrin èyíkéyìí, ì báà lọ́kọ, ì báà má lọ́kọ. Ìyẹn ni "midwife" fi jẹ́ obìnrin tó wà pẹ̀lú aláboyún, agbẹ̀bí nìyẹn. "With" tó gba ipò "mid" túmọ̀ sí "lòdì sí" tẹ́lẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí "withstand" fi jẹ́ kéèyàn dojú kọ nǹkan, kì í ṣe kó dúró tì í.

Èyí tó ń tan òǹkàwé jẹ jù ni ọ̀rọ̀ tó wà láàyè àmọ́ tó ti pa ìwà dà. "Nice" ti jẹ́ òmùgọ̀ rí. "Girl" ti jẹ́ ọmọdé, ọkùnrin tàbí obìnrin. "Meat" sì ni oúnjẹ gbogbo, ìdí nìyẹn tí oníṣòwò inú ìtàn Caxton fi lè béèrè "meat" kó sì tún ní ẹyin lòun fẹ́.

Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ni wọ́n ń sin àwọn òkú wọ̀nyí sí, ìbojì tó ní àkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ onímọ̀ èdè kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1857, wọ́n sì bẹ aráàlú pé kí wọ́n máa ka ìwé àtijọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, pẹ̀lú gbólóhùn tó ti jẹ yọ, orúkọ ìwé àti ọdún rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́. James Murray, tó di olóòtú ní 1879, ń to àwọn pélébé yìí sínú ihò pákó nínú ahéré onírin kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, wọ́n á fi àmì ọ̀bẹ kékeré sí i níwájú, àmọ́ wọn kì í yọ ọ́ kúrò. Apá àkọ́kọ́ jáde ní 1884, iṣẹ́ parí ní 1928. Murray ti kú ní 1915.

Pélébé kan sọnù láàárín gbogbo rẹ̀: ti "bondmaid", ẹrúbìnrin, ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì 1611 tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń kà. Lẹ́tà B kọjá lọ láìsí i níbẹ̀. Inú àfikún tí wọ́n tẹ̀ ní 1933 ló ti wá ráyè wọlé.