Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Kọ̀: Bí Ìnagijẹ Ṣe Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Káfẹ́ kan wà ní Pánṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí a ṣì ń ra íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí-wákàtí. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́ta kì í ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn lè ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ̀rọ sì sọ fún un pé ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ. Mo tẹ orúkọ mi, lẹ́tà pupa yọ: wọ́n ti mú un. Mo so orúkọ bàbá mi mọ́ ọn, wọ́n ti mú ìyẹn náà. Mo wá ronú, mo tẹ "olumo". Ọ̀gá káfẹ́ tó dúró lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó ti jókòó sórí àga yẹn ló ti tẹ ìyẹn. Fi ọdún tí wọ́n bí ọ sí i nídìí, kí àkókò tó o rà má baà tán."

Mo fi sí i, ó gbà. Bí mo ṣe di àpáta tó ní nọ́ńbà nìyẹn.

Àwọn àgbà máa ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ìranù. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kútọ̀ kì í yé bi mí léèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé orúkọ nìyẹn tàbí nọ́ńbà mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n náà fúnra wọn ńkọ́? Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò láti ogún ọdún kò mọ orúkọ àbísọ wọn. Bàbá Pàṣán ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n ti ṣe tíṣà rí. Èmi ò rò pé ìranù ni. Bí mo ṣe rí i, ilé ọkọ àwọn ìyá wa ni ohun tó wà nínú orúkọ wọ̀nyí ti wá, ẹ̀rọ ló kàn gé e ní ìgékúgèé.

Ẹ wo ilé ọkọ náà. Ìyàwó tí wọ́n bá gbé wọlé kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé. Ọmọ tó ṣì ń rákò, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó dé, ọkọ ìyàwó ni, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ṣùgbọ́n a kò lè máa pòòṣé sí ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ rán an lómi. Ìyàwó á wò ó dáadáa. Bí eyín rẹ̀ bá gún, Eyínafẹ́. Bí ó bá dúdú tí ara rẹ̀ ń dán, Adúmáradán. Èyí tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọmọge tí ìdí rẹ̀ bá rọ̀ bí àrán, Ìbàdíàrán. Èyí tó ń lọ sílé ìwé, Akọ̀wé, bí kò tilẹ̀ tíì mọ A yàtọ̀ sí B. Ọdún á gorí ọdún, ọmọ á di bàbá arúgbó, orúkọ tí ìyàwó fún un ni ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ níbi ìnáwó.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà kọ́ ló yàn án. Ojú ẹlòmíràn ló rí i, ẹnu ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín àwọn tí eré ìdárayá kan bá pa pọ̀. Lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta dráàfù, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ àbísọ. Ẹni tó bá fi ọmọ kan jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lójú èrò, Jẹ-mẹ́ta ni títí ayé. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó gbé ọmọ rẹ̀, wọ́n á ní Adájọ́ ti ń ro ẹjọ́.

Àwọn tó yan orúkọ fún ara wọn kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta mọ̀ wọ́n. Láti nǹkan bí 1839 tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, ti ń padà wálé láti Freetown, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó ní 1830, ni ọ̀pọ̀ ti ń wọ ìlú pẹ̀lú orúkọ òyìnbó lórí orúkọ Ẹ̀gbá. Fẹlá, tí wọ́n bí síbí ní 1938, ṣe ti ẹ̀ ní òdì kejì. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ó ju Ransome nù, ó fi Aníkúlápó dípò rẹ̀. Ẹni tí ikú wà nínú àpò rẹ̀ kò ní bẹ ẹ̀rọ kankan kó tó jẹ́ orúkọ tó wù ú.

Ní àkókò kan náà ni nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti 1958 ni ìjọba ibẹ̀ ti ya ìlà rédíò kan sọ́tọ̀ fún aráàlú, CB ni wọ́n ń pè é. Ìjọba fún oníkálukú ní àmì tí yóò máa fi dárúkọ ara rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí epo wọ́n ní 1973, tí òfin sì jáde ní 1974 pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 55 ní wákàtí kan lọ, àwọn awakọ̀ tírélà ya bo rédíò náà. Wọ́n ń júwe ibi tí epo wà fún ara wọn, wọ́n sì ń ta ara wọn lólobó ibi tí ọlọ́pàá lúgọ sí. Ta ni yóò wá fi àmì tí ìjọba kọ sínú ìwé ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n sọ ara wọn lórúkọ míì. Àṣà náà ràn débi pé ní 1976, Betty Ford, ìyàwó ààrẹ, ń jẹ́ First Mama lórí rédíò yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìyálé ni à bá kúkú pè é.

Ní 1980, iléeṣẹ́ CompuServe gbé irú rédíò náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi lẹ́tà sọ̀rọ̀ dípò ohùn, wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ ní CB Simulator kí ó má baà ṣòro dá mọ̀. Ìnagijẹ tẹ̀ lé e wọlé. Ní oṣù kẹjọ 1988, Jarkko Oikarinen ṣe IRC, ètò tí àwọn ènìyàn fi ń kọ̀wé sí ara wọn lójú ẹsẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní ìlú Oulu, ní Fínlándì, òun náà sì ní kí oníkálukú mú orúkọ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́sàn-án péré ló fi àyè gbà. Mo ti jókòó ka orúkọ àwọn ìyàwó ilé wa sí i. Eyínafẹ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé, ó tilẹ̀ ku àyè kan. Ìbàdíàrán há síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Adúmáradán lẹ́tà mẹ́wàá, ìta ló máa sùn, àfi tó bá lọ sí AOL, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, tó gba mẹ́wàá níbẹ̀rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. ASCII, òfin tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé nígbà yẹn, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, àmì 128 ló ní. Ẹ wá inú rẹ̀ títí, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má tíì sọ ti àmì ohùn. Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, tí í ṣe ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, nìyí o. Àwa ọmọ ibẹ̀ wá ń kọ orúkọ wa sórí ẹ̀rọ bí ẹni tó gbàgbé ohùn sílé.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ọkọ̀ àtijọ́ jẹ lógún. Bí Peugeot 504 bá ń gba Sàpọ́n kọjá, tí bọ́dì rẹ̀ ṣì pé, ó lè fi owó ọjà ìyàwó rẹ̀ sọ́wọ́ kó máa tẹ̀ lé e lọ. Ó ń ya fọ́tò wọn, ó ń to wọ́n jọ, ó sì fẹ́ rí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà yé. Ó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi lẹ́tà márùn-ún sọ ara rẹ̀ lórúkọ, "oloko", ó wá fi "egba" lé e. Ọlọ́kọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé sí i kí i kú iṣẹ́ oko, ó ní èló ni ẹ̀gẹ́ ẹ̀kún ọkọ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé òun ò ní ẹ̀gẹ́. Ìyẹn ní, olóko wo ni kò ní ẹ̀gẹ́, ṣé àgbàdo ló wá gbìn ni? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí kí fọ́tò Peugeot tó bá wọn là á. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó ka orúkọ náà ní ọ̀nà kẹta, èyí tí n kò ní kọ síbí.

Ní ti nọ́ńbà tó wà nídìí orúkọ, àìrí-àyè ló bí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá káfẹ́ ti sọ. Yahoo fúnra rẹ̀ á dá a lábàá fún ọ tó bá ti kọ orúkọ tó o mú wá. Ṣùgbọ́n "boy", "babe" àti "egba" tó kún inú orúkọ ìgbà yẹn ní ìdí tiwọn. Yahoo Messenger, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, kì í fi ojú ẹni hàn. Ìbéèrè tí àlejò máa kọ́kọ́ ju sí ọ ni "asl": ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, ṣé ọkùnrin tàbí obìnrin, níbo lo wà. Káfẹ́ sì ń ka ìṣẹ́jú. Ọlọ́gbọ́n á ti kó ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú orúkọ kan kí wọ́n tó bi í. Ojú kò sí láti wò mọ́, kò sí eyín tí ìyàwó fẹ́ rí, ìwọ fúnra rẹ ló kù kí o júwe ara rẹ. Abájọ tí gbogbo ọkùnrin fi rẹwà lórí Yahoo.

Fóònù GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001, a ṣì ń lọ sí káfẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Ìgbà tí 2go, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ti Gúúsù Áfíríkà, wọlé sínú fóònù kéékèèké, kò sẹ́ni tó tún ń sanwó wákàtí mọ́. Orúkọ gùn sí i, ìràwọ̀ àti ọkàn wọ inú rẹ̀, ẹni tó wà ní ipò ìbẹ̀rẹ̀, Novice, kì í sì gbójú sókè níwájú ẹni tó ti di Master. Ó pẹ́ díẹ̀, ó lọ. Facebook ní tiẹ̀ ní kí oníkálukú mú orúkọ gidi wá, àwọn ènìyàn mi sì mú ìnagijẹ, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n ní orúkọ ìdílé nìyẹn. Àwọn obìnrin aládìrẹ Ìtòkú ló gbọ́n jù lójú mi: wọ́n fi "adire" síwájú, wọ́n fi ìlú sẹ́yìn, orúkọ di pátákó ìsọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ta dráàfù lórí fóònù báyìí. Ìgbà tí mo gbé ìyàwó mi wálé, ọmọ kékeré ni, ìyàwó mi sì ń pè é ní Akọ̀wé Dúdú. Orúkọ yẹn ló tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, "akowedudu", ẹ̀rọ kò sì bá a jà, kò ní kó fi nọ́ńbà kankan sí i. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ ní gbogbo ayé. Lálẹ́, mo máa ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, tí ẹnì kan tí kò rí rí ń kọ̀wé sí i pé "Akowe, o ti kú lónìí." Ìyàwó mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan láti ilé ìdáná. Ó jáde, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó ní kí ọkọ òun wá san owó orúkọ.

Kò tíì san án.