Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣa pàǹtírí ilé lẹ́ṣà

Bí a bá ní ẹ̀rọ ń ṣa pàǹtírí, ohun tí à ń sọ ni pé agolo, ike, páálí àti ìgò tí a dà nù, ẹ̀rọ ló ń yọ wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè fi wọ́n ṣe nǹkan tuntun. Lórí ààtàn l'Ékòó, ọwọ́ ènìyàn àti irin ṣóńṣó ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, nínú èéfín àti òórùn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń dùn mí pé a kì í kí wọn kú iṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Ajọ̀ ńlá kan tó rí bí àgbá á máa yí, ohun wẹ́wẹ́ á jò gba ojú rẹ̀. Òòfà á fa agolo onírin. Òòfà kì í fa agolo mínírà tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe, nítorí náà òòfà mìíràn tó ń yí kíkankíkan wà lábẹ́ bẹ́líìtì, ìyẹn ọ̀já gbọọrọ tó ń gbé pàǹtírí lọ. Yíyí òòfà yìí ń mú kí iná mànàmáná dìde nínú agolo náà, iná yẹn á sì tì í fò síwájú, nígbà tí ìyókù á kàn já sílẹ̀.

Ike gan-an ló le. Ike omi àti ike ọṣẹ lè jọra lójú wa, ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ wọn pọ̀, ohun tó máa jáde kò ní dára. Wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí sórí bẹ́líìtì. Irú ike kọ̀ọ̀kan ní apá tó ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà àti apá tó ń dá padà. Èyí tó dá padà ni kọ̀ǹpútà ń kà, bí àgbà ṣe ń wo ilà ojú tí yóò ní ọmọ Oǹdó lèyí, ọmọ Ọ̀yọ́ lọ̀hún. Bẹ́líìtì lè sáré tó mítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ike náà tó dé etí rẹ̀, kọ̀ǹpútà ti mọ ibi tó wà. Ihò afẹ́fẹ́ kan á ṣí, á fẹ́ ẹ fùú, ó di inú àpótí tirẹ̀.

Ní Motala, ní orílẹ̀-èdè Swídìn, ilé iṣẹ́ Site Zero tí wọ́n ṣí ní 2023 lè ṣa tọ́ọ̀nù ike 200,000 lọ́dún, irú ike 12 ló sì ń yọ. Níbòmíràn, apá róbọ́ọ̀tì tí kámẹ́rà ń darí ló ń fa nǹkan sókè lórí bẹ́líìtì.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan ń ṣú ẹ̀rọ lójú. Aró dúdú tí wọ́n fi ń po ike abọ́ oúnjẹ ń gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà mì. Lójú ẹ̀rọ, bẹ́líìtì lásán ló ń kọjá. Ike tí wọ́n fi ọ̀rá mìíràn wé látòkè délẹ̀, ọ̀rá yẹn ni ẹ̀rọ máa kà. Èyí tó bá sì ṣì ní omi nínú, ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n dáadáa, afẹ́fẹ́ á fẹ́, ṣùgbọ́n á wúwo jù, á sì já sáàárín ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ lọ sun.